Irin Pẹlẹbẹ, Súkúrù Tàbí Wáyà? Ìfiwéra fún Ẹni Tí A Fẹ́ Tún Egungun Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Tò

Nígbà tí dókítà bá ti sọ fún ẹni tí kókó yọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ ló kù, ìbéèrè tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bi èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ni pé irin wo ni kí òun gbà. Ṣé irin pẹlẹbẹ tí a fi súkúrù kàn mọ́ egungun ni, àbí súkúrù nìkan, àbí wáyà tí a óò fà yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀? Ọ̀pọ̀ ti gbọ́ lẹ́nu ẹbí pé irin pẹlẹbẹ ló lágbára jù, wọ́n sì ti pinnu kí wọ́n tó jókòó síwájú dókítà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé irinṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun, ohun tí mo rí ni pé ibi tí a bá ti gé egungun ló ń sọ irin tí ó yẹ. Nítorí náà, ibi gígé ni n ó fi ṣáájú nínú ìfiwéra yìí, irin yóò sì tẹ̀ lé e.

Egungun tí à ń sọ àti ibi tí a ti ń gé e

Egungun gígùn àkọ́kọ́ tí ó wà láàárín ọrùn ẹsẹ̀ àti àtàǹpàkò ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Nínú àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní hallux valgus, egungun yìí a máa yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun kejì, sí ìhà ibi tí ẹsẹ̀ kejì wà, nígbà tí àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ a máa tẹ̀ lọ sórí ìka tí ó tẹ̀ lé e. Kókó tí bàtà ń ha náà, orí egungun yìí gan-an ni, tí ó ti ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá kàn fá kókó náà kúrò láì tún egungun tò, kì í pẹ́ tí yóò fi padà.

Àwòrán X-ray tí a yà nígbà tí aláìsàn dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a fi ń wọn bí ó ti yà tó. Lára ẹsẹ̀ tí kò ní àbùkù, àlàfo tí ó wà láàárín egungun àkọ́kọ́ àti èkejì kì í sábà ju dígíríì 9 lọ, bẹ́ẹ̀ ni títẹ̀ àtàǹpàkò kì í sábà ju dígíríì 15 lọ. Bí àlàfo náà bá ti ń kọjá dígíríì 16, ọ̀ràn ti le nìyẹn. Àwòrán tí a yà nígbà tí aláìsàn dùbúlẹ̀ kì í sọ òtítọ́ tó, nítorí pé ìwúwo ara ló ń tú àṣírí ẹsẹ̀. Mo gba ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ fi àwòrán ìdùbúlẹ̀ ṣe ìpinnu fún níyànjú pé kí ó béèrè fún ti ìdúró.

Bí yíyà náà kò bá pọ̀, nítòsí orí egungun ni a sábà máa ń gé. Gígé tí wọ́n ń pè ní chevron ní ìrísí lẹ́tà V, orí egungun náà a sì gun ìyókù bí ẹni gun gàárì, tí kò fi rọrùn fún un láti yẹ̀. Súkúrù kan péré tàbí wáyà kan tó o. Irin pẹlẹbẹ níbẹ̀ yóò kàn gba àyè lábẹ́ awọ tí kò nípọn ni, èmi kò sì rí ìdí tí aláìsàn fi gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀.

Bí yíyà bá mọ níwọ̀n, a lè la àárín egungun ní gígùn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà Z, kí a sì ti apá kan lórí èkejì. Scarf ni orúkọ rẹ̀, láti inú iṣẹ́ káfíńtà àti ti àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ti mú un, nítorí pé báyìí ni wọ́n ṣe máa ń so igi gígùn méjì pọ̀ kí ojú wọn lè fẹnu konu dáadáa. Ojú egungun tí ó fẹnu konu níbẹ̀ gùn, nítorí náà súkúrù méjì tó láti dì í mú.

Ìdí egungun, níbi tí ó ti kan egungun àárín ẹsẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ti ń di ti irin pẹlẹbẹ. Ibẹ̀ ni a ti ń gé nígbà tí yíyà pọ̀, nítorí pé bí a bá yí nǹkan gígùn díẹ̀ níbi ìdí, orí rẹ̀ yóò ti rìn jìnnà. Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Nínú èkíní, a ó gé ìdí egungun fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a ó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láìgé kí ó lè ṣiṣẹ́ bí ìkọ́ ilẹ̀kùn, a ó sì la ẹnu ibi tí a gé náà sílẹ̀ bí mìlímítà mélòó kan. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Paul Lapidus pè, oníṣẹ́ abẹ kan ní New York tí ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1934. Nínú tirẹ̀, a ó ha oríkèé tí ó wà láàárín ìdí egungun náà àti egungun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí dé egungun tútù, a ó tún un tò, a ó sì jẹ́ kí egungun méjèèjì di ẹyọ kan títí ayé. Ó wúlò gan-an fún ẹni tí oríkèé yìí ń mì tàbí tí kókó rẹ̀ ti padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́.

Fún ọ̀nà àkọ́kọ́ nínú méjì yìí, kò sí àríyànjiyàn púpọ̀. Ẹnu egungun tí a là sílẹ̀ yóò pa dé bí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró, nítorí náà irin pẹlẹbẹ ni a ń lò. Àwọn mìíràn nínú wọn ní irin kékeré kan tí ó yọ síta lára, tí ó máa ń wọ inú àlàfo náà, a sì lè fi egungun tí a fá lára kókó dí ìyókù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fi díẹ̀ kún gígùn egungun, èyí tí ó lè mú kí oríkèé àtàǹpàkò le. Bí ẹ̀gbẹ́ tí a fi sílẹ̀ láìgé bá sì kán, gbogbo ẹrù bọ́ sórí irin nìyẹn.

Irin pẹlẹbẹ àti súkúrù ìdábùú nínú iṣẹ́ Lapidus

Níhìn-ín ni yíyàn gidi wà, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí dáadáa.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí egungun náà nígbà tí ènìyàn bá gbẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ a máa ti orí rẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ti di mímú. Nítorí náà, abẹ́ oríkèé ìdí náà ni ó ń fẹ́ là, òkè rẹ̀ sì ni ó ń fún pọ̀. Ohunkóhun tí a bá fi dì í gbọ́dọ̀ kọjú ìjà sí lílà abẹ́ yìí ní gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá tẹ iwájú ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Súkúrù ìdábùú ni ọ̀nà àtijọ́. Méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọ́n á dábùú ara wọn nínú egungun, tí òyì iwájú súkúrù, ìyẹn ìlà tí ó yí ara rẹ̀ ká, á gbá egungun ọ̀hún mú, tí orí rẹ̀ á sì fa ti ìhín mọ́ ọn. Fífún pọ̀ yìí ni agbára rẹ̀, nítorí pé egungun tí ó fún mọ́ra wọn dáadáa ni ó ń jiná dáadáa. Owó rẹ̀ kéré sí ti irin pẹlẹbẹ, inú egungun ni ó farapamọ́ sí, awọ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára àyàfi ibi orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun líle ni ó ń fẹ́. Nínú egungun obìnrin àgbàlagbà tí ó ti fúyẹ́, òyì súkúrù lè má rí ohun gbá mú, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá kan ìṣó mọ́ igi tí ikán ti jẹ.

Irin pẹlẹbẹ òde òní yàtọ̀ sí èyí tí àwọn bàbá wa nínú iṣẹ́ yìí lò. Mo máa ń gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi nígbà tí mo bá ń tò ó sílẹ̀: kò ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ, kò sì nípọn ju mìlímítà kan tàbí méjì. Òyì wà nínú ihò rẹ̀, òyì wà lórí súkúrù rẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí èkíní bá sì wọ inú èkejì tán, a ó rí i tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ dúró gbọn-in, nítorí pé súkúrù náà kò yí mọ́. Láti ìgbà yẹn, irin àti súkúrù ti di ẹyọ kan. Kò nílò kí irin fún mọ́ egungun kí ó tó dúró, ìdí nìyí tí ó fi ń ran egungun tí ó ti fúyẹ́ lọ́wọ́ ju súkúrù lásán lọ.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tí ń polówó irin kì í tètè sọ. Irú irin yìí kì í fún egungun méjì pọ̀ fúnra rẹ̀, bí oníṣẹ́ abẹ ṣe fi wọ́n sílẹ̀ ni yóò ṣe dì wọ́n mú. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, àlàfo náà ni yóò dì mú gírígírí. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sára egungun òkú, ó ti ṣẹlẹ̀ pé súkúrù ìdábùú borí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ láìsí súkúrù afúnpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ pé irin pẹlẹbẹ ni òun yóò lò fún iṣẹ́ Lapidus, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi í ni pé, “Kí ni yóò fún egungun náà pọ̀ kí irin tó dì í?” Ìdáhùn lè jẹ́ súkúrù kan tí ó gba àárín kọjá, ó sì lè jẹ́ ihò kan lára irin náà tí ó ń fa egungun mọ́ra. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ibi tí irin náà wà ṣe pàtàkì tó irin fúnra rẹ̀. Bí ó bá wà lókè ẹsẹ̀, ó rọrùn fún oníṣẹ́ abẹ láti dé, ṣùgbọ́n ìhà tí ń fún pọ̀ ni ó wà, awọ ibẹ̀ kò nípọn, okùn bàtà a sì máa tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, ó sàn díẹ̀, àmọ́ ó lè máa ha iṣan tí ń gbé ẹsẹ̀ sókè, èyí tí ó so mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́, ó wà ní ìhà tí ń là gan-an, agbára rẹ̀ láti dènà lílà sì pọ̀ jù lọ, ẹran tó nípọn sì bò ó, bàtà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìnira tirẹ̀ ni pé oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ ṣí ẹran púpọ̀ kí ó tó dé abẹ́ náà, kí ó sì ṣọ́ra fún iṣan méjì tí ó pàdé níbẹ̀. Fún èmi, bí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ bá mọ ibẹ̀ dáadáa, abẹ́ ni n ó yàn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó fi sí ibi tí ó ti ń fi sí láti ọjọ́ yìí, nítorí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ju ibi tí ó dára lọ.

Irin tí ó lágbára kì í mú kí egungun yára jiná. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni egungun náà sábà máa ń gbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin náà ń dúró dè é ni. Bí egungun bá kọ̀ tí kò jiná, irin tí à ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀ yóò kán níkẹyìn, bí wáyà tí ọmọdé ń ká lọ ká bọ̀. Nínú ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti kọ nípa iṣẹ́ Lapidus, nǹkan bí ènìyàn 2 sí 10 nínú 100 ni oríkèé wọn kì í dì pọ̀, ẹni tó ń mu sìgá sì wà nínú ewu jù lọ. Ohun tí irin pẹlẹbẹ lè ṣe ni láti jẹ́ kí aláìsàn tètè tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn súkúrù ìdábùú, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kí aláìsàn má tẹ ẹsẹ̀ náà rárá fún ọ̀sẹ̀ 6. Lẹ́yìn irin pẹlẹbẹ, àwọn mìíràn máa ń gbà á láàyè láti fi gìgísẹ̀ rìn nínú bàtà àkànṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Fún ìyá tí ó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò sì sí ẹni tí yóò máa gbé e gun àkàbà, ìyàtọ̀ yìí tó láti san owó tí ó lé.

Wáyà àti irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì

Wáyà ni ó rọrùn jù lọ láti rà. Martin Kirschner ará Jámánì ló gbé e jáde ní ọdún 1909, orúkọ rẹ̀ ni a ṣì fi ń pè é títí di òní. A ó gún un gba inú egungun kọjá, a ó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ níta awọ, a ó sì fà á yọ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, láìsí iṣẹ́ abẹ mìíràn. Kì í fún egungun pọ̀, kòkòrò àrùn sì lè gba ojú ibi tí ó yọ sí wọlé, pàápàá níbi tí eruku àti òógùn bá pọ̀. Mo fara mọ́ ọn fún gígé tí ó súnmọ́ orí egungun. N kò fara mọ́ ọn láti dá iṣẹ́ Lapidus ṣe.

Irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì dà bí èyí tí a fi ń so ìwé pọ̀. Èyí tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn jẹ́ àdàpọ̀ nickel àti titanium, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a sì máa fẹ́ padà wálé nígbà tí a bá ti kàn án tán, tí yóò fi máa fún egungun pọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó dára, ó sì yára, ṣùgbọ́n ẹyọ kan nìkan kò lè dènà yíyí, nítorí náà méjì ni wọ́n sábà máa ń lò, tàbí ọ̀kan pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ.

Ara tí irin náà yóò wọ̀

Titanium tàbí irin aláìdípẹtà? Titanium rọ̀ díẹ̀ ju èkejì lọ, èyí tí ó súnmọ́ ìwà egungun, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ba àwòrán MRI jẹ́ bí ó bá di pé a fẹ́ ya ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ iwájú. Nickel wà nínú irin aláìdípẹtà, ó sì pọ̀ gan-an nínú irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mo sọ lókè. Obìnrin tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń yún létí títí tí etí yóò fi máa ṣomi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó yan irin, nítorí pé nickel ni ó sábà máa ń fa irú yíyún bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ le lásìkò náà. Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì tí a fi ń fún ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà bo ojú iṣẹ́ ń fẹ́ ìṣọ́ra lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, kòkòrò àrùn sì tètè máa ń wọ egungun rẹ̀. Ní Britain, mo ti rí i tí àwọn ènìyàn wa ń dákẹ́ lórí èyí nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi yín. Fún ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ohun tí ó ṣáájú irin ni pé kí ṣúgà wálẹ̀, kí dókítà sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà ṣì ń mọ ìrora, nítorí ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora yóò tẹ irin kọjá agbára rẹ̀ láìmọ̀.

Ìkúnlẹ̀, ìrun àti bàtà

Ìbéèrè yìí ni àwọn àgbà wa máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀: ṣé òun á tún lè kúnlẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ oríkèé tí a fọwọ́ kàn. Oríkèé ìdí tí iṣẹ́ Lapidus ń dì pọ̀ kì í mì púpọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà àtàǹpàkò yóò ṣì máa tẹ̀ nígbà ìkúnlẹ̀ àti nígbà tí a bá forí kanlẹ̀ níbi ìrun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà, fún ẹni tí oríkèé àtàǹpàkò rẹ̀ gan-an ti jẹ tán, níbi tí wọ́n ti ń fi irin pẹlẹbẹ dì oríkèé náà pọ̀ láti òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, oríkèé ìdí àtàǹpàkò náà kò ní tẹ̀ mọ́ láéláé. Ìrora yóò lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkúnlẹ̀ yóò yí padà, ó sì yẹ kí aláìsàn mọ èyí kí ó tó buwọ́ lu ìwé. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pe méjèèjì, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ èyí tí wọ́n ń sọ fún yín.

Okùn ojú ọgbẹ́ sábà máa ń jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàtà àkànṣe ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà bí àwòrán bá fi hàn pé egungun ti ń jiná, ṣùgbọ́n wíwú lè pẹ́ tó oṣù 6. Ẹni tí a bá ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún fún kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ títí dókítà yóò fi gbà á láàyè.

Owó irin àti ìwé irin

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, owó irin dá dúró lọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ẹ béèrè méjèèjì pa pọ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá gbogbo súkúrù wà nínú iye tí wọ́n dá, nítorí irin pẹlẹbẹ kan lè gba súkúrù mẹ́rin sí mẹ́fà.

Irin lè wà lára títí ayé bí kò bá dí yín lọ́wọ́. Bí ó bá wá di pé a fẹ́ yọ ọ́, nítorí pé bàtà ń tẹ̀ ẹ́ tàbí pé súkúrù kan ti ń yọrí, irinṣẹ́ tí ó bá orí súkúrù náà mu ni a nílò, orí wọn kò sì rí bákan náà: òmíràn dà bí ìràwọ̀, òmíràn sì ní igun mẹ́fà. Obìnrin kan wà tí a fẹ́ yọ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Òkè òkun ni wọ́n ti fi í sí i lẹ́sẹ̀, kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ohun tí a rò pé yóò bá a mu kò bá a mu, orí súkúrù méjì sì fá mọ́ wa lọ́wọ́, a fi ẹ̀rọ ìlu lu wọ́n kúrò, ọgbẹ́ tí kò yẹ kí ó ju ìka ọwọ́ kan lọ sì gùn ju bẹ́ẹ̀. Lára ìwé iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń lẹ bébà kékeré kan tí a kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe irin náà sí, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní sọ ọ́ nù nílé.